Ìdárò ní èdè Áírìṣì fún àwọn Júù tí Násì pa: báwo la ṣe lè mú ọgbọ́n rẹ̀ wọ ewì Yorùbá?

Ọmọ_Bódìjà:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ òǹkàwé kan ní Bódìjà fẹ́ ṣe ìrántí àwọn Júù tí ìjọba Násì pa. Ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ni a fi sí, ọjọ́ tí àwọn tó ṣẹ́kù nínú Auschwitz, àgọ́ tí Násì ti ń pa àwọn Júù, gba ìtúsílẹ̀ ní 1945. Ìṣẹ́jú 15 ni gbogbo ètò náà ní, òǹkàwé méjì ló wà, kò sí owó ìwọlé. A fẹ́ kí ewì náà jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n kí a kọ́ ọgbọ́n lára àwọn tó ń kéwì ní èdè Áírìṣì. Àwọn náà jìnnà sí àwọn àgọ́ yẹn, èdè wọn kò ní èrò púpọ̀, síbẹ̀ àṣà ìdárò wọn jinlẹ̀.

Kí ni ó wà nínú ìdárò wọn gan-an tí a lè mú lò? Ta ni kí a dárò, nígbà tó jẹ́ pé mílíọ̀nù 6 kò ṣeé kó sínú ewì kan? Ẹnì kan ti kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́, ó fi òwò ẹrú àti ogun Biafra kún un. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí ìyẹn, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín.

Ìyá_Ìwé_Àgbowó:

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Ìdárò tí àwọn akéwì Áírìṣì fi ń ṣe òsùwọ̀n títí di òní ni èyí tí Eibhlín Dubh Ní Chonaill fi sunkún ọkọ rẹ̀, Art Ó Laoghaire, tí wọ́n yìnbọn pa ní Carraig an Ime ní agbègbè Cork, ní oṣù Karùn-ún 1773. Ẹnu ni wọ́n fi gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé inú ìwé. Caoineadh ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó mọ̀ ọ́n sun ló máa ń sọ ọ́ nídìí òkú, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi oríkì sunkún.

Òkú gan-an ni caoineadh ń bá sọ̀rọ̀. "Ìwọ" ló ń lò. Ìpè tuntun ló sábà máa ń ṣí ẹsẹ: ọ̀rẹ́ mi, olólùfẹ́ mi, ẹlẹ́ṣin mi. Lẹ́yìn ìpè, nǹkan tí ojú lè rí ló ń tẹ̀ lé e: fìlà, ẹṣin, ilé, orúkọ ọmọ. Nítorí náà, bí o bá rí ìlà bíi "ìbànújẹ́ dorí àgbà kodò" nínú ẹ̀dà yín, pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, a sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkú èyíkéyìí.

Ìró rẹ̀ ló máa ń ṣòro fún wa. Áírìṣì kò ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Sílébù tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n fi agbára pè, ló ní, àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́, àfi ní gúúsù, níbi tí fáwẹ́lì gígùn ti lè fa ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìlà caoineadh kúrú, irú sílébù bẹ́ẹ̀ bíi mẹ́ta ló ń wà nínú rẹ̀. Fáwẹ́lì tó wà nínú èyí tó kẹ́yìn ló máa ń padà wá ní ìparí gbogbo ìlà ẹsẹ náà. Bí fáwẹ́lì bá ti yí padà, ẹsẹ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ kan lè ní ìlà mẹ́rin, kí èyí tó tẹ̀ lé e ní mẹ́wàá. Ẹkún ló ń pinnu gígùn rẹ̀.

Bí o bá ka sílébù lásán láti fara wé èyí ní Yorùbá, ewì yóò gan. Fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wúwo sínú ìlà, kí o wá fi fáwẹ́lì kan náà àti ohùn kan náà parí gbogbo ìlà ẹsẹ. Ohùn ìsàlẹ̀ ni mo fara mọ́. Bí ìlà bá ń parí sí ohùn òkè léraléra, ó máa ń dún bí ẹni ń polówó ọjà. Wo àpẹẹrẹ yìí, lórí obìnrin Júù kan tó ń jẹ́ Ettie Steinberg, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Dublin, olú ìlú Áyálàǹdì, tí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú rẹ̀ pẹ́ dé kí wọ́n tó kó o lọ sí Auschwitz:

Ẹ́tì, ìwé rẹ ń bọ̀ lọ́nà,
Ọjọ́ kan ló kù kó dé Toulouse, àwọn ìkà
Ti kó ọ lọ pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì dàgbà.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí sí "à" olóhùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí ewì bá fẹ́ dé Auschwitz, yí fáwẹ́lì padà ní ìlà méjì ṣáájú. Etí olùgbọ́ á ti mọ̀ pé nǹkan ti yí kí orúkọ ibẹ̀ tó jáde. Ṣọ́ orúkọ obìnrin náà pẹ̀lú. Bí òǹkàwé bá gbé ohùn rẹ̀ bí etí tí a fi ń gbọ́rọ̀, ẹsẹ ti bàjẹ́. Ohùn òkè ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó sọ ọ́ sísàlẹ̀. Orúkọ àjèjì kò ní ohùn tirẹ̀. Bí o kò bá kọ ààmì sí i lórí ìwé kíkà, òǹkàwé kọ̀ọ̀kan á pè é bó ṣe wù ú.

Ọgbọ́n wọn mìíràn ni dinnseanchas, ìmọ̀ nípa orúkọ ibi àti ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Akéwì Áírìṣì kì í sọ pé "ní ilẹ̀ òkèèrè". Orí òkè, odò àti ìkóríta ni yóò dárúkọ, bí oríkì orílẹ̀ tiwa ṣe ń ṣe. Ewì yín gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà tí Ettie gbà, ìlú kan lẹ́yìn èkejì.

Nínú àwọn ti òde òní, wo Eoghan Ó Tuairisc. Ní 1964 ó tẹ ewì gígùn kan jáde, Aifreann na Marbh, fún àwọn tí bọ́ǹbù pa ní Hiroshima. Ó to ewì náà bí Máàsì fún àwọn òkú, ṣùgbọ́n Dublin ni ó dúró sí, ní àárọ̀ ọjọ́ tí bọ́ǹbù náà bọ́. Kò díbọ́n pé òun wà ní Jàpáànì. Ẹ̀yin náà, ẹ dúró sí Ìbàdàn, kí ẹ sì sọ pé Ìbàdàn ni ẹ dúró sí. Ìlànà Máàsì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ má mú. Òkú Júù ni ẹ ń dárò. Ẹ má kó wọn sínú ìsìn Kírísítẹ́nì, ẹ má sì fi orin inú ìwé orin ìjọ parí rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan tó ṣe kókó: bí ẹ bá máa túmọ̀ ewì Áírìṣì kan tààrà, ẹ má ti ara Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú ewé kejì túmọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ tí Paul Muldoon ṣe sí ewì Nuala Ní Dhomhnaill, fún àpẹẹrẹ, kún fún àfikún tirẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e, Muldoon ló ń túmọ̀. Ẹ lọ sí teanglann.ie, ẹ wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé atúmọ̀ èdè Ó Dónaill ti 1977 wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sì wà fún ẹ̀ka èdè mẹ́ta: Ulster, Connacht àti Munster. Ẹ ti ibi tí akéwì ti wá mọ èyí tí ẹ máa gbọ́, nítorí ohùn Munster lè tú ìlà tí wọ́n kọ fún etí Ulster. Ẹ má ju fada, ààmì orí fáwẹ́lì gígùn, nù nígbà tí ẹ bá ń da ọ̀rọ̀ kọ. Fear ni ọkùnrin, féar ni koríko.

Ọmọ_Òkè_Àdó:

Ìyá, ẹ ṣeun o. Ẹ jẹ́ kí n gba ti ẹni tí a máa dárò.

Ìdílé kan ni kí ẹ mú. Ettie tí Ìyá mẹ́nu bà yẹn ló yẹ, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ so mọ́ ilẹ̀ Áírìṣì. A bí i ní 1914 ní Veretski, abúlé kan tó wà nínú Ukraine báyìí. Ó kéré nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Dublin; iléèwé St Catherine ní Donore Avenue ló lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 1937, ó ṣègbéyàwó ní sínágọ́gù Greenville Hall pẹ̀lú ará Bẹ́ljíọ̀mù kan tó ń jẹ́ Gluck, wọ́n sì kó lọ sí Antwerp. Paris ni wọ́n ti bí Leon, ọmọ wọn, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 1939. Wọ́n sá kiri Faransé títí wọ́n fi dé Toulouse. Àwọn ẹbí tó wà ní Dublin bá wọn wá ìwé àṣẹ ìwọ̀lú sí Àríwá Áyálàǹdì, ìwé náà sì jáde. Nígbà tó máa fi dé Toulouse, wọ́n ti kó wọn ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ọkọ̀ ojú irin gbé wọn kúrò ní Drancy, àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn Júù jọ sí lẹ́bàá Paris, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1942, ó dé Auschwitz ní ọjọ́ 4. Leon jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún.

Orí káàdì tí Ettie jù láti ojú fèrèsé ọkọ̀ náà ni kí ẹ gbé ewì lé. Ẹni tó he é fi ránṣẹ́ sí Dublin. Ohun tó kọ dà bí ìròyìn ẹbí: àwọn kò rí Bọ̀ọ̀dá Lechem, Bọ̀ọ̀dá Tisha B'Av ni àwọn rí. Hébérù ni. Lechem ni búrẹ́dì. Tisha B'Av ni ọjọ́ ààwẹ̀ tí àwọn Júù fi ń rántí bí wọ́n ṣe wó Tẹ́ḿpìlì. Kò sí oúnjẹ, ìparun ló wà, ẹni tó ń yẹ lẹ́tà wò kò sì lè mọ̀. Àrokò ni obìnrin yìí pa láti inú ọkọ̀ ikú. Àwọn olùgbọ́ ní Ìbàdàn mọ àrokò, nítorí náà ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ nínú ewì. Ẹ sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Hébérù méjèèjì nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, kí ewì wá lo káàdì náà bó ṣe wà.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2022, wọ́n ri òkúta ìrántí mẹ́fà mọ́ ilẹ̀ níwájú iléèwé yẹn gan-an, òkúta olójú idẹ tó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta jẹ́ ti Ettie, ọkọ rẹ̀ àti Leon. Mẹ́ta yòókù jẹ́ ti Isaac Shishi, Ephraim Saks àti Jeanne Saks, tí a bí ní Áyálàǹdì. Lithuania ni wọ́n ti pa Shishi ní 1941. Kò dé Auschwitz rárá. Mo ń sọ èyí nítorí àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú irú ewì yìí ni kí gbogbo òkú gba inú iyàrá gáàsì kan náà. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n yìnbọn fún létí abúlé wọn. Ní Babi Yar, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kyiv, èèyàn 33,771 ni wọ́n pa láàárín ọjọ́ méjì, ọjọ́ 29 àti 30 oṣù Kẹsàn-án 1941. Ẹ wo bí ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe kú kí ẹ tó kọ "iná" tàbí "èéfín".

Ewì tó bá pe Dublin kò gbọdọ̀ fi Dublin pamọ́. Áyálàǹdì kò dá sí ogun, ìwọ̀nba Júù díẹ̀ ló sì jẹ́ kó wọlé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1945, Éamon de Valera, olórí ìjọba, lọ kí aṣojú Jámánì kú àjálù ikú Hitler. Ìlà kan tó le ti tó fún ìyẹn. Ìlú yẹn kan náà ni Yitzhak Herzog ti ṣe olórí rábì títí di 1936, rábì tó kọ́ èdè Áírìṣì tó sì gbọ́ ọ. Ẹ fi àwọn méjèèjì sínú ewì kan náà, ẹ má fi èkínní bo èkejì.

Wàyí o, Biafra àti òwò ẹrú: ẹ yọ wọ́n. Akéwì Áírìṣì náà ní irú ìdẹwò yìí. Ìyàn ńlá tó jà láti 1845 sí 1852 pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, púpọ̀ nínú wọn ló ń sọ Áírìṣì, ó sì rọrùn láti nawọ́ mú un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọlé báyìí, Ettie ti di àpẹẹrẹ ìyà ẹlòmíràn, kì í ṣe òun ni à ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó kú nínú ogun Biafra tó ẹni tí à ń kọ ewì tiwọn fún, ní ọjọ́ tiwọn, pẹ̀lú orúkọ tiwọn.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó so Ìbàdàn mọ́ ọ̀rọ̀ yìí láìfi ipá mú un, Ulli Beier wà níbẹ̀. Dókítà Júù ni bàbá rẹ̀ ní Jámánì, ìdílé náà sì kó lọ sí Palestine nígbà tí Násì gbàjọba. Ó dé Ìbàdàn ní 1950, ó wà lára àwọn tó dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, sílẹ̀ níbí ní 1961, ó sì kó oríkì àti ewì Yorùbá jọ.

Ẹ̀yin tó máa ka ewì, ẹ wá iṣẹ́ Yitzhak Katzenelson kà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Yídíìṣì, èdè tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n pa ń sọ nílé, ló fi kọ ìdárò fún àwọn èèyàn rẹ̀ nínú àgọ́ Vittel ní Faransé. Ó tọ́jú ìwé náà sínú ìgò, ó rì í sábẹ́ igi, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Auschwitz ní 1944.

Gbénró:

Díẹ̀ lórí àṣẹ. Bí ẹ bá kọ ewì tuntun tó kàn lo ọgbọ́n caoineadh, ẹ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá túmọ̀ ewì akéwì òde òní, òfin Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bò ó fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ti Áyálàǹdì náà bẹ́ẹ̀. Ó Tuairisc kú ní 1982, nítorí náà ó di òpin 2052. Ìdárò ti 1773 fúnra rẹ̀ ti bọ́ sí gbangba, àmọ́ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe sí i láìpẹ́ yìí kò tíì bọ́.

Ilé ìtẹ̀wé ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ sọ iye olùgbọ́, pé kò sí owó ìwọlé, iye ìlà tí ẹ fẹ́ lò, àti bóyá fídíò máa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti fídíò ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò jù, ẹ má fi pamọ́. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí ọdún Kérésì wà láàárín.

Ọmọ_Bódìjà:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Biafra àti òwò ẹrú ti kúrò. Ó wá ku ohùn. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ mọ ọdẹ kan tó lè sun ìrèmọ̀jé, òmíràn ní kí a pe onírárà pẹ̀lú gángan. Ṣé kí a sì ka orúkọ àwọn òkú? Orúkọ mélòó?

Akígbe_Mápó:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìrèmọ̀jé sílẹ̀. Ìṣípà ọdẹ ló ni ín, Ògún àti àwọn ọdẹ tó ti lọ ló ń pè. Leon kì í ṣe ọdẹ. Ìyìn ni rárà ń ṣe, pàápàá bí gángan bá ti dá sí i, àwọn èèyàn á fẹ́ náwó. Ohùn arò ló yẹ. Ẹ fi ohùn lásán sọ ìlà, kí ẹ fa ìpè tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ nìkan bí ẹkún. Kò sí ìlù rárá.

Ẹ ṣọ́ àwọn gbólóhùn tí ẹnu wa ti mọ̀ jù. "Má jọ̀kùn, má jekòló" jẹ́ ti àgbà tí àwọn ọmọ sin. Òkú ọ̀fọ̀ ni gbogbo àwọn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ni kò ní sàréè. "Ó re'lé" náà kò bá a mu, nítorí ilé ni wọ́n ti kó wọn jáde. Ẹ má sì hun oríkì tí kò sí fún Ettie. Òtítọ́ tí Ọmọ_Òkè_Àdó tò sílẹ̀ yẹn ni kí ẹ fi ṣe oríkì rẹ̀: ọmọ Veretski, akẹ́kọ̀ọ́ Donore Avenue, ìyá Leon.

Láàárín àwọn obìnrin Áírìṣì, ọ̀kan ló máa ń lé ìdárò, àwọn yòókù á gbè é pẹ̀lú igbe. Òǹkàwé méjì tí ẹ ní bá èyí mu. Ẹni àkọ́kọ́ ló ni ẹsẹ. Ẹnì kejì kò ní sọ ju orúkọ ìlú lọ ní ìparí ẹsẹ: Veretski, Dublin, Antwerp, Paris, Toulouse, Drancy. Kó fi ìṣẹ́jú àáyá méjì sílẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó tún pè. Bí kò bá sí àyè yẹn, orúkọ ìlú á dà bí àṣìkà.

Àkókò: ìṣẹ́jú méjì fún ọ̀rọ̀ ìṣáájú, méje fún ewì, mẹ́ta fún orúkọ, ọ̀kan fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Méjì tó kù jẹ́ fún ìdádúró, torí ewì tó bá gba ìṣẹ́jú méje nílé máa ń gba mẹ́jọ níwájú èrò. Orúkọ, ọjọ́ orí àti ìlú ẹnì kan ń gba bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, èyí tó túmọ̀ sí èèyàn 36 ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí a bá ń ka mílíọ̀nù 6 bẹ́ẹ̀ tọ̀sán tòru, yóò gba ọjọ́ 347. Ibi tí ẹ ó ti mú orúkọ ni àkójọ Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù tí Násì pa, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé fi orúkọ ìlú wá. Ẹ mú gbogbo 36 láti ìlú kan ṣoṣo kí orúkọ ìdílé kan náà lè máa padà wá sí etí àwọn èèyàn. Ẹ má sáré.

Kaddish ni àdúrà tí àwọn Júù ń gbà fún òkú, ṣùgbọ́n wọ́n nílò àgbàlagbà Júù mẹ́wàá kí wọ́n tó gbà á. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, ẹ má gbà á bí eré, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni kí ẹ lò. Àbẹ́là mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń tàn níbi irú ìrántí yìí, ọ̀kan fún mílíọ̀nù kan. Ẹ gbé wọn sínú gíláàsì tó ga ju ọwọ́ iná lọ, torí ọyẹ́ oṣù Kìíní àti fáànù máa pa àbẹ́là tó wà ní gbangba. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, ẹ pa á kí ewì tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lo ínfátà fún makirofóònù. Ohùn ìsàlẹ̀ tí Ìyá ní kí ẹ fi parí ìlà ni ariwo jẹnẹrétọ̀ máa kọ́kọ́ gbé mì.

Ìyá_Ìwé_Àgbowó:

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Àfikún kan: tẹ ìwé kíkà ní lẹ́tà tó tóbi, ojú kan ìwé nìkan, pẹ̀lú ààmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀ àti orúkọ. Má jẹ́ kí ẹsẹ kan pín sórí ewé méjì.

Ọmọ_Bódìjà:

Ó dáa, Ìyá. Màá fi ẹ̀dà kejì síbí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú ààmì ohùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yẹ ìparí ìlà wò.